Ẹ yé fi ìwúwo àti owó mọ hẹ́dífóònù tó dára

Ní Ọ̀yọ́ níbí, láàárín àwa tí a ń gba ohùn onílù, akọrin àti oníwàásù sílẹ̀, ìgbàgbọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra hẹ́dífóònù ńlá, èyí tó ń bo gbogbo etí, á kọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́ wò bóyá ó wúwo. Á fi sí etí, á gbọ́ bóyá béèsì rẹ̀, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, ń mi agbárí. Lẹ́yìn náà ló máa béèrè iye rẹ̀. Bí owó náà bá pọ̀ gan-an, á mi orí, á ní, "Ojúlówó nìyí." Èmi náà gba èyí gbọ́ fún ọdún púpọ̀, mo sì ti fi owó àti iṣẹ́ jìyà rẹ̀. Ìwúwo kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ohùn. Owó kò sọ tó bí ẹ ṣe rò. Béèsì tó ń lu agbárí gan-an lè jẹ́ àléébù.

Iṣẹ́ ìgbéyàwó kan ló là mí lójú. Ẹgbẹ́ dùndún ni: ìyáàlù, kẹríkẹrì, ìsáájú, kànnàngó àti gúdúgúdú. Ọmọkùnrin tó ń lu ìyáàlù mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹbí ọkọ ṣe ń wọlé, ó fi ìlù wí pé, "Bàbá ọkọ ìyàwó ti dé." Mo gbà á sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo délé, mo fi hẹ́dífóònù tuntun tí mo ti ń tu owó jọ fún láti ọjọ́ pípẹ́ gbọ́ ọ. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ, ó ń dún gbì-gbì létí mi, inú mi sì dùn. Mo pe bàbá àgbà ọmọ náà, ògbólógbòó ọmọ Àyàn, kí wọ́n wá gbọ́ iṣẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bi mí pé, "Kí ni ìlù náà wí?" Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ mọ̀ ọ́n torí pé o wà níbẹ̀. Ariwo ni èmi gbọ́, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ wo gbólóhùn náà: bàbá, ọkọ, ìyàwó. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè ni gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá wú ju bó ṣe yẹ lọ, á bo àwọn tó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá etí nìyẹn: ìró tó rẹlẹ̀ máa ń bo ìró tó ga ju bí ìró gíga ṣe lè bo ìró rírẹlẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbọ́ orin ijó lásán lè má fura. Ṣùgbọ́n àwa tí ọ̀rọ̀ wa ń gun òkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, béèsì tó kún àkúnjù ń jí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìlù ni. Ó tún ń pa ṣaworo tí wọ́n so mọ́ ojú ìyáàlù lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ ṣaworo yẹn ni mo fi ń mọ̀ bóyá hẹ́dífóònù ń gbé ohùn òkè jáde. Tó bá ń dún ṣéké-ṣéké lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó dára. Tó bá ń dún ṣíì bí omi tó ń hó, kò dára.

Ìdí tí èyí fi le fún hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé pa ni pé ó jọ ìlù. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Bó ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú sínú etí ló ń tì í sẹ́yìn. Nínú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àsẹ́, ohùn ẹ̀yìn yẹn á jáde lọ. Nínú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé, kò síbi tó máa gbà: á lu ògiri, á padà, á dà pọ̀ mọ́ ti iwájú. Tí wọ́n bá gbẹ́ igi ọ̀mọ̀ ní ihò fún ìlù, a fẹ́ kí inú igi náà fèsì. Hẹ́dífóònù kò gbọdọ̀ fèsì rárá. Síbẹ̀ a kò lè ṣe láìsí ẹlẹ́yìn dídé nídìí iṣẹ́ wa, torí tí akọrin bá fi ẹlẹ́yìn àsẹ́ sí etí, ohùn tó ń jáde níbẹ̀ á wọnú makirofóònù.

N kò ní parọ́ mọ́ àwọn tó ń ṣe olówó ńlá. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Sennheiser gbé HD 820 jáde ní 2018, wọ́n fi gíláàsì tó tẹ̀ kọdọrọ dé ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè darí ìró ẹ̀yìn síbi tí wọ́n ti máa gbà á mì. Igi ọparun láti Kochi ní Japan ni Denon fi ṣe ẹ̀yìn AH-D9200. Stealth tí Dan Clark Audio gbé jáde ní 2021 ní nǹkan oníhò wẹ́wẹ́ kan tó wà láàárín awọ rẹ̀ àti etí, tó ń gba ìró tó bá fẹ́ ṣe àṣejù. Nǹkan bí 2,400 dọ́là ni ti Sennheiser nígbà tó jáde, 1,600 ni ti Denon, Stealth sì jẹ́ 4,000. Ẹni tó lówó rẹ̀, tó gbọ́ ọ, tó sì wù ú, kó rà á. Ohun tí mò ń bá jà ni kí ẹnìkan gbọ́ iye rẹ̀, kó sì sọ pé òun ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní 2017, onímọ̀ nípa ohùn kan, Jeroen Breebaart, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ohùn ní Amẹ́ríkà. Ó fi ẹ̀rọ wọn hẹ́dífóònù 283, ó wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè jáde, ó sì fi í wé iye tí wọ́n ń tà á. Kò rí ìbáṣepọ̀ kankan láàárín méjèèjì. Sean Olive àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harman, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ohùn, náà ṣe ohun kan tó wú mi lórí. Wọ́n fẹ́ mọ ohùn tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn, wọ́n sì mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti mọ bí hẹ́dífóònù ṣe wúwo tó lórí, ọkàn rẹ̀ ti yàn kó tó gbọ́. Nítorí náà wọ́n fi hẹ́dífóònù kan ṣoṣo fara wé ohùn oríṣiríṣi hẹ́dífóònù, kí ìwúwo má baà tú àṣírí. Àwọn yẹn mọ̀ pé ọwọ́ àti ọrùn lè tan etí jẹ.

Ẹ gbọ́ ìwúwo náà fúnra rẹ̀. Sony MDR-7506, tó ti wà láti 1991 tí wọ́n sì ń lò ní ilé-iṣẹ́ rédíò àti sítúdíò káàkiri ayé títí di òní, jẹ́ nǹkan bí 230 gíráàmù. Beyerdynamic DT 770 Pro láti Jámánì jẹ́ 270. HD 820 jẹ́ 360, Focal Stellia ti ilẹ̀ Faransé jẹ́ 435. Audeze LCD-XC ju 600 lọ, irin òòfà ńlá inú rẹ̀ ló sì mú un wúwo bẹ́ẹ̀. Òòfà yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá rọ irin lásán sínú ike tí wọ́n fi ń ṣe hẹ́dífóònù ayédèrú, yóò wúwo bákan náà.

Ohun tó ń pinnu béèsì ẹlẹ́yìn dídé jù lọ, ẹ̀gbẹ́ etí yín ló wà. Tìmùtìmù rẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara yí etí ká láìsí àlàfo. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń yọ́ jáde, béèsì ń bá a lọ. Igi gíláàsì ojú ń ṣí àlàfo. Irun dídì ń ṣí i. Abetí ajá tí ẹ fà bo etí àti gèlè tó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́bàá etí, àwọn náà ń ṣí i. Mo ti rí akọrin obìnrin kan tó sọ pé hẹ́dífóònù sítúdíò mi kò ní béèsì rárá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún gèlè sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n sì pariwo pé, "Háà!" Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rọra tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ etí: tí béèsì bá ṣàdédé pọ̀ sí i, àlàfo wà níbì kan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là kò lè borí àlàfo yẹn.

Ẹ̀tàn ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Fóònù kan náà ni wọ́n ń ki sí gbogbo wọn. Èyí tó jẹ́ 32 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí hẹ́dífóònù ṣe ń dènà iná tó) á pariwo, èyí tó jẹ́ 300 ohm bíi HD 820 á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ torí agbára fóònù kò tó o. Láti 1933 ni àwọn onímọ̀ nípa ohùn méjì, Fletcher àti Munson, ti fi hàn pé bí fólúùmù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni etí ń gbọ́ béèsì sí i. Èyí tó pariwo jù ló ń gbà á, kì í ṣe èyí tó dára jù. Ẹ bá wọn gbé fólúùmù dọ́gba kí ẹ tó dájọ́. Ẹ tún di ojú, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ wọn fún yín.

Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Orí ló ń ru ẹrù, ọrùn ló ń mọ̀ ọ́n. Ní Ọ̀yọ́ nínú oṣù kẹta, tí iná lọ, tí fáànù dúró, tìmùtìmù aláwọ máa ń di ìkòkò oníná lẹ́bàá etí. Òógùn á dé, ẹ ó máa sún un sókè sódò, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì sún un ni àlàfo ń ṣí tí ohùn ń yí padà. Èyí tí wọ́n fi àrán bò, bíi ti DT 770, máa ń jẹ́ kí etí mí. Mo ti gbé tìmùtìmù tó ti gbó lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ níbí, ẹ sì mọ̀ pé a kì í fi Ọ̀yọ́ ṣeré nídìí iṣẹ́ awọ. Ó rán an rẹwà, awọ ewúrẹ́ tó rọ̀ bí òwú. Ṣùgbọ́n ó ki fóòmù tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sínú rẹ̀, etí jìnnà sí ibi tí ohùn ti ń jáde, ohùn náà sì yí padà pátápátá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn èyí àtijọ́ kí wọ́n tó gé.

Ní oṣù tó kọjá, mo tún pe Bàbá. Ohùn ìgbéyàwó kan náà ni, n kò fọwọ́ kàn án. Hẹ́dífóònù mìíràn ni, kò wúwo, owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bọ́ fìlà, mo fi tìmùtìmù lé etí wọn fúnra mi, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dákẹ́ lọ títí. Wọ́n ní, "Bàbá ọkọ ìyàwó ti dé." Wọ́n tún gbọ́ ọ. "Ṣùgbọ́n ó fún ọṣán jù níbi 'ìyàwó'. Ó yẹ kó tú u sílẹ̀ kí ohùn wálẹ̀." Èmi náà gbé e sí etí mi. Òótọ́ ni, ó fún un jù.