Ṣé lóòótọ́ ni pé oúnjẹ tí a fi ìwé dì kò léwu?

Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de fóòmù funfun tí àwọn olóúnjẹ fi ń bu oúnjẹ fún oníbàárà, ni ọ̀rọ̀ kan ti gbòde: ìwé ló dára jù, igi ṣáà ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó ń ta oúnjẹ tí wọn ò fi ajílẹ̀ òyìnbó àti apakòkòrò gbìn gan-an ló ń pariwo rẹ̀ jù. Àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nìyẹn, torí wọ́n ti ṣe wàhálà tán lóko kí wọ́n tó lọ ba iṣẹ́ jẹ́ nídìí ìdì.

Ẹ wo àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, tí wọ́n ká sínú ìwé ìròyìn ìjẹta. Tàdáwà tí wọ́n fi tẹ ìwé ìròyìn ní epo tí wọ́n yọ lára epo rọ̀bì nínú. Kì í gbẹ bí ọ̀dà ara ògiri ṣe ń gbẹ. Ńṣe ló kàn ń mu wọnú ìwé. Epo sì máa ń fa epo. Bí òróró àkàrà bá kàn án, tí ooru tún wà níbẹ̀, yóò yọ́ padà jáde, ó di ara oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Íńdíà fi kìlọ̀ ní ọdún 2016 pé kí wọ́n yé fi ìwé ìròyìn dì oúnjẹ. Ìwé tí a ya lára ìwé ọmọléèwé kò sàn jù ú lọ: báírò wà lára rẹ̀, ọwọ́ ta ló sì ti kọjá?

Páálí tí wọ́n fi àlòkù ìwé ṣe ńkọ́? Epo tàdáwà yẹn ṣì wà nínú rẹ̀. Kódà oúnjẹ gbígbẹ kò bọ́, torí díẹ̀ lára epo náà máa ń fẹ́ lọ bá oúnjẹ láìfara kàn án.

Ó wá ku abọ́ ìwé tó mọ́ tónítóní. Bó bá jẹ́ ìwé lásán ni, kí ló dé tí ọbẹ̀ ò jò? Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ ya á: nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ óò rí awọ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe náílọ̀n omi mímu. Àwọn mìíràn ń lo PFAS, ìyẹn àwọn kẹ́míkà àtọwọ́dá tí kì í tètè jẹrà, kí epo má baà rin ín. Denmark ti fòfin de èyí nínú ìdì oníwèé láti ọdún 2020. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé wọn ò tà á mọ́ fún ìdì oúnjẹ níbẹ̀. Awọ ike tí wọ́n sì fi àgbàdo ṣe, tí wọ́n ń pè ní PLA, kò ní jẹrà lẹ́yìnkùlé yín. Ó ń fẹ́ ooru tó tó nǹkan bí ìwọ̀n 60 lórí Sẹ́líṣíọ́sì, irú èyí tó wà níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀.

Ewé eéran ni mo ṣì fọkàn tán jù fún mọ́ínmọ́ín, bí a bá fọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé ọbẹ̀ wọ mọ́tò.

Nílé, gíláàsì àti tánńganran tó. Fún oko, ibi iṣẹ́ tàbí ìrìn àjò, abọ́ irin tí kì í dípẹtà, tó ní ìdérí, ni kí ẹ rà. Owó rẹ̀ máa ń dunni lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ẹ̀pà àti ìpékeré tó ti tutù lè wà nínú ìwé funfun tí wọn ò tẹ nǹkan sí, tí kì í ṣe àlòkù. Ohun tó bá gbóná, tó sì lépo, kó má ṣe dé inú ìwé ìròyìn rárá. Ẹ má tìtorí èyí bá ìyá alákàrà jà o, ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń lò. Ẹ gbé abọ́ tiyín dání, kó kó o sí i láti inú ajọ̀.