Èèyàn laṣọ mi

Èèyàn laṣọ mi, ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà wa, mo sì rò pé torí òde ìnáwó ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, pé kéèyàn má lọ dá jókòó lọ́jọ́ ìyàwó ọmọ ẹ̀. Àfìgbà tí mo rántí bí bàbá tó bí bàbá mi ṣe ń hun aṣọ òfì níwájú ilé wa n'Ílọrin. Aṣọ tí wọ́n ń hun yẹn ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, gígùn ló ń gùn, bó ti wù kó dán tó kò sẹ́ni tó lè fi ẹyọ kan ṣoṣo bora, àfi kí télọ̀ gé e kó tò ó ti ara wọn kó rán an pọ̀ kó tó di agbádá. Bẹ́ẹ̀ náà lèèyàn rí, ẹnì kan ò lè dá di aṣọ.

Kì í ṣọ̀rọ̀ àgbà lásán o. Láti 1938 làwọn olùwádìí Yunifásítì Harvard l'Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé ayé ọkùnrin 724, àwọn kan ọmọ Harvard, àwọn kan ọmọ mẹ̀kúnnù ní Boston, wọ́n ń bi wọ́n nípa iṣẹ́, ìyàwó, àìlera, títí wọ́n fi darúgbó. Robert Waldinger tó ń darí ẹ̀ ní kì í ṣe cholesterol, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn, lẹ́ni 50 ọdún ló jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tára ẹ̀ máa le lẹ́ni 80, bí àárín òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn tó ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọkàn wa gan-an kì í mọ ohun tó máa múnú ẹ̀ dùn. Nígbà tí mo ra mọ́tò, àràárọ̀ ni mò ń nù ún, oṣù méjì ò pé tó fi di nǹkan tí mò ń rówó epo sí. Elizabeth Dunn, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde ní 2008, wọ́n fún àwọn èèyàn ní Kánádà ní dọ́là 5 tàbí 20 láàárọ̀, wọ́n ní káwọn kan ná an fún ara wọn, káwọn tó kù ná an fún ẹlòmíì, kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ná an fún ẹlòmíì ninú wọn dùn jù, ì báà jẹ́ 5 ì báà jẹ́ 20. Bẹ́ẹ̀ wọ́n bi àwọn míì pé èwo ló máa dùn jù, wọ́n ní kéèyàn gba 20 kó ná an fún ara ẹ̀! Ìyá tó ń fi àkàrà ṣe sàárà láàárọ̀ Jímọ̀ ò ní ṣi èyí dáhùn láé.

Torí náà mo bẹ̀ yín, ẹni tẹ́ ẹ ti ń yàn lódì, ẹ wá a lọ. Èmi àtọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ lọ ilé kéwú, owó àjọ ló dà wá rú, ọdún mẹ́rin gbáko, tí mo bá rí i ní Ọjà Ọba ọ̀nà míì ni mò ń gbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ò lè ṣe é. Mo ra wàrà dání, mo wọlé tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó wò mí títí, ó ní "Alfa, o mà ti sanra." Ìyàwó ẹ̀ gba wàrà lọ́wọ́ mi ó lọ dín in, a ò tiẹ̀ dárúkọ owó kankan, ìgbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì la tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń lọ.