Ẹ Yéé Ta Búsítà fún Ẹni Tó Ń Wojú Olúwa fún Ọmọ

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, mo tún gbọ́ ọ. Obìnrin kan di mẹ́gáfóònù mú, ó ń ké pé obìnrin tí kò bá tètè lóyún, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń bá àrùn jà nínú ara, ló ti rẹ̀. Pé ìgò mẹ́ta péré búsítà, oògùn tí wọ́n ní ó ń fún àwọn ọmọ ogun náà lágbára, á jí wọn, oyún á sì dé. Àwọn èèyàn ń na owó sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Oògùn òyìnbó ni mò ń tà nílùú yìí, kì í sì í pẹ́ kí ẹnì kan tó wọlé wá bi mí pé, "Àǹtí, èwo nínú àwọn búsítà yín ló ń mú oyún dúró?" Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó ń ṣe é.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun ara kò mọ sórí kòkòrò pípa. Wọ́n ní àwọn purotéènì kéékèèké tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, sáítókáìnì ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Nígbà tí ẹyin obìnrin bá fẹ́ já, àwọn purotéènì yìí, bí interleukin-8, á pe àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ jọ sára àpò tí ẹyin náà wà. Ara àpò náà á wú, á rọ̀, lẹ́yìn náà á ya, ẹyin á sì jáde. Ẹyin kì í já fúnra rẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n. Kòkó ló jọ: bó ti wù kó pọ́n tó, ara igi ni yóò gbẹ sí bí ẹnì kan kò bá gé e. Láti 1980 ni Lawrence Espey, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé bí ojú egbò ṣe ń wú tó ń gbóná ni ilé ẹyin ṣe ń ṣe nígbà tí ẹyin bá ń já. Ara ló mọ̀ọ́mọ̀ dá wíwú yẹn sílẹ̀, òun náà ló sì ń pa á rẹ́ bí iṣẹ́ bá ti parí.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n fi oògùn dí wíwú náà lọ́wọ́. Ní 2015, àwọn dókítà láti Baghdad yẹ obìnrin 39 wò tí ẹ̀yìn ń dùn. Láti ọjọ́ kẹwàá nǹkan oṣù wọn ni wọ́n ti fún àwọn kan ní diclofenac, àwọn kan naproxen, àwọn kan etoricoxib, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Oògùn ara ríro tó ń dín wíwú kù ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú àwọn tó lo diclofenac, ìdá 6.3 nínú 100 péré ni ẹyin wọn já. Ti naproxen jẹ́ 25, ti etoricoxib 27.3. Gbogbo àwọn tí wọn kò fún ní ìkankan nínú wọn ni ẹyin wọn já. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ oògùn. Oníbàárà mi kan wà tó ń mu búsítà láàárọ̀ nítorí ọmọ, tó tún ń mu diclofenac lálẹ́ nítorí ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé diclofenac yẹn lè má jẹ́ kí ẹyin já. Ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún mi. (Ẹni tí dókítà bá kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ o. Kó padà lọ bi dókítà.)

Ẹnì kan á wá ní, "Ṣé ẹ ò rí i báyìí? Bó bá jẹ́ pé àwọn sáítókáìnì yìí wúlò tó yẹn, ẹ jẹ́ ká fi kún wọn." Ibẹ̀ gan-an ni irọ́ wà. Ọ̀kan wà lára àwọn sáítókáìnì yìí tí wọ́n ń pè ní LIF, ara ilé ọmọ ló ti ń jáde ní àkókò tí oyún bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1992, wọ́n fi hàn pé abo eku tí kò ní LIF kò lè gba oyún dúró rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó oyún inú eku yẹn sínú eku mìíràn tó ní LIF, ó lẹ̀, ó sì dúró. Kò sí bí purotéènì kan ṣe lè ṣe pàtàkì jù báyẹn lọ. Ni àwọn dókítà bá ṣe LIF gan-an ní ojúlówó, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un fún àwọn obìnrin tí oyún IVF, èyí tí wọ́n ń ṣe níta ara kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ, kì í dúró lára wọn. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009: kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ojúlówó purotéènì, abẹ́rẹ́, lábẹ́ ojú dókítà, kò ṣiṣẹ́. Kí ni fítámìn C àti síǹkì inú ìgò fẹ́ wá ṣe?

Kí n tún sọ èyí tí àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ gbọ́. Nígbà mìíràn, ọmọ ogun ara tó ń jà ju bó ṣe yẹ lọ gan-an ló ń ba ilé ẹyin jẹ́. Lára àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn dáwọ́ dúró kí wọ́n tó pé 40, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ara wọn ló dojú ìjà kọ ilé ẹyin wọn. Kòkòrò chlamydia, tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀, náà ńkọ́? Ó lè wà lára láì dun èèyàn rárá, àpá tí ìjà ara sì fi sílẹ̀ ló ń dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Mo mọ ọmọbìnrin kan láti Oǹdó tó mu àgbo àti búsítà fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀nà ẹyin rẹ̀ wò, méjèèjì ló ti dí. Kò sí ọmọ ogun tí ìgò lè jí dìde tó máa la ibẹ̀.

Wọ́n á ní Ìyá Báyìí lò ó, ó sì bímọ. Nínú tọkọtaya 100 tí wọ́n jọ ń sùn déédéé, ó lé ní 80 tí yóò lóyún láàárín ọdún kan láì lo nǹkan kan. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn lóṣù yẹn ni yóò gba ìyìn.

Bí ọdún kan bá ti kọjá láì rí oyún, tàbí oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ti lé ní ọmọ ọdún 35, ilé ìwòsàn UNIMED, ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, wà ní Àkúrẹ́, ó sì wà ní Oǹdó. Tọkọtaya ni kó jọ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin ni ìṣòro náà wà. Àyẹ̀wò àtọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ sì fi owó ìgò mẹ́ta yẹn kún un.