Ẹ Má Fi Iṣẹ́ Ọnà Ṣe Ìjẹ

Mo ti ń rí i léraléra. Àjọ kan á fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ nífẹ̀ẹ́ sáyẹ́ǹsì, wọ́n á háyà olórin, wọ́n á ní kó kọrin nípa iná mànàmáná. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Kò sí ẹni tó mọ̀ nípa iná ju bó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. (Orin ọ̀hún kì í sì í sábà dùn.) Ọmọ ogún ọdún kì í ṣe ẹja, ó ń rí ìwọ̀ tó wà nínú ìjẹ yẹn kedere.

Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ọnà ní iṣẹ́ gidi tó ń ṣe nínú sáyẹ́ǹsì, ibi iṣẹ́ yẹn gan-an ló sì yẹ ká ti pe àwọn ọ̀dọ́ wọlé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ òṣùpá. Ní oṣù Keje ọdún 1609, Thomas Harriot, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé awò tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ni sójú, ó wo òṣùpá, ó sì ya ohun tó rí. Ó fi oṣù mélòó kan ṣáájú Galileo, onísáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Ọ̀jáfáfá onímọ̀ ìṣirò ni Harriot, àmọ́ àwòrán rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìlà kan tó rí wọ́gọwọ̀gọ lọ láàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, pẹ̀lú àbàwọ́n díẹ̀. Nígbà tí Galileo wo òṣùpá kan náà ní ìparí ọdún yẹn ní Ítálì, ó rí òkè, ó rí kòtò. Galileo ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán nígbà ọ̀dọ́, ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé ohun tó rí gbágungbàgun. Ó rí àwọn ṣóńṣó tí oòrùn ti kàn nígbà tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ wọn ṣì ṣókùnkùn, ó wo bí wọ́n ṣe jìnnà sí ààlà ìmọ́lẹ̀, ó sì fi ìyẹn ṣírò bí òkè náà ṣe ga tó. Lóòótọ́, awò tirẹ̀ lágbára ju ti Harriot lọ, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Galileo tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní 1610, kòtò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú àwòrán Harriot náà. Àlejò lójú, kò fi ríran, àfi tí onílé bá nàka sí i fún un.

Ernst Chladni, onísáyẹ́ǹsì tó ń wádìí ohùn, ńkọ́, ní Jámánì? Ó da iyanrìn sórí pẹlẹbẹ irin, ó wá fi ọ̀pá fáolíìnì fa etí irin náà. Iyanrìn á sá kúrò níbi tí irin ti ń gbọ̀n, á lọ kó jọ síbi tí kò mì, ìlà á yọ, ìràwọ̀ á yọ. Bí ohùn tó ń dún bá yí padà, bátànì náà á yí. Ó kọ nípa rẹ̀ ní 1787, ó sì ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú bí eléré. Nígbà tó ṣe é níwájú Napoleon, olú ọba ilẹ̀ Faransé, ní Paris, wọ́n fi ẹ̀bùn lélẹ̀ fún ẹni tó bá lè fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀. Sophie Germain, obìnrin onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gba ẹ̀bùn náà ní 1816, láyé ìgbà tí wọn kì í gba obìnrin sí ilé ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́kọ́ bẹ àwọn èrò ìwòran yẹn pé kí wọ́n nífẹ̀ẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí wọ́n rí ló gbé ìbéèrè sí wọn lẹ́nu.

Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ti wà nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó ń po orin pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ń gé ìgbì ohùn, ó ń gbé èyí tó wà nísàlẹ̀ sókè, ó ń fi etí mọ ohun tí olùkọ́ físíìsì ń yà sójú pátákó. Ẹ bi í bóyá ó mọ físíìsì, á ní rárá o, òun ti sá fún un látìgbà tí òun ti kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ẹni yẹn gan-an ni mo ń rò. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò ní ibi tí yóò sá gbà, wọ́n ti kọ sáyẹ́ǹsì mọ́ àwọn ẹ̀kọ́ tó gbọ́dọ̀ kọ́. Ẹni tó ti pé ọdún méjìdínlógún tó sì yan ọ̀nà mìíràn, ta ló tún ń wá a?

Ìdíje kan wà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tí àwọn tó ń ṣèwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ti ń fi ijó ṣàlàyé iṣẹ́ wọn. Àwọn kan ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Èmi kò bá wọn ṣe é, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń yí àti ohun tó ń dúró nínú ìwádìí ara rẹ̀ kò lè jó o.

Èyí tó wù mí jù ni ti Science Gallery, ilé àfihàn sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọnà tí yunifásítì Trinity College ṣí sílùú Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, ní 2008, tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 25. Ní 2009, wọ́n ṣe àfihàn kan nípa àrùn tó ń ràn. Wọ́n fún ẹni tó bá wọlé ní báàjì tó ń gba àkọsílẹ̀ ẹni tó kojú sí, àti bó ṣe pẹ́ tó níwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ wá wo àrùn nínú gíláàsì. Ìwọ tó wá wòran lo di ara ohun tí à ń wò. Àwọn tó gbé báàjì náà láàárín oṣù mẹ́ta lé ní 14,000, àwọn onísáyẹ́ǹsì sì fi ohun tí wọ́n kó jọ níbẹ̀ kọ ìwé ìwádìí gidi.

Wọ́n ti ibẹ̀ pa ní 2022 nítorí owó. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fi ìyẹn dá mi lóhùn pé irú ètò báyìí wọ́n jù, pé mélòó nínú àwọn tó wọ ibẹ̀ ló di onísáyẹ́ǹsì. Àwọn tó gbé báàjì ọjọ́sí kò dúró dìgbà tí wọ́n máa di nǹkan kan kí wọ́n tó ṣe sáyẹ́ǹsì. Títí di òní, àwọn olùṣèwádìí ṣì ń fi àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe kojú síra wọn ṣírò bí àrùn ṣe ń tàn láàárín èrò.