Ẹ̀yin Tí Ẹ̀ Ń Ṣíwọ́ Ní Aago Méjì

Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, ẹ má díbọ́n.

Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tá a ṣe kẹ́yìn, wọ́n kàn ṣèèṣì mẹ́nu ba owó oṣù wa ni o. Bàbá kan bá dìde: "Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣíwọ́ ní aago méjì, tí ẹ tún ń gba ọlidé, kí lẹ tún fẹ́ gbowó lé lórí?" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́! Ọ̀gá wa alára ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi rèé, mo gbá ìdì ìwé tí mo fẹ́ lọ máàkì nílé mọ́ àyà, ìwé ọmọ bàbá yìí gan-an ló wà lókè. Mo gbé e mì.

Ó di alẹ́, aago mọ́kànlá ti kọjá, fóònù mi dún. Bàbá Aago Méjì ni! "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá tí ẹ fún ọmọ yìí, kò yé wa." Kò yé "wa" o! Mo sì jókòó, mo ṣàlàyé, torí bí n ò bá gbé e, wọ́n á ní tíṣà yẹn ń gbéra ga.

Màákà tí mo fi ń kọ̀wé sójú pátákó ńkọ́? Àpò ta ló ti ń jáde?

Láti ọdún 1966 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, àti ILO, èyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí owó oṣù olùkọ́ má kéré sí ti àwọn tó kàwé bíi tirẹ̀ nínú iṣẹ́ mìíràn. Ìwé yẹn ti dàgbà tó ẹni tó yẹ kó fẹ̀yìn tì, owó ò tíì dé. October 5 tí wọ́n fọwọ́ sí i ni wọ́n fi ń ṣe Ọjọ́ Olùkọ́ Àgbáyé, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ dídùn sí wa létí, ó parí. UNESCO yìí kan náà tún ní ayé nílò olùkọ́ mílíọ̀nù 44 sí i kó tó di 2030. Ta ni wọ́n rò pé ó máa wá?

Wọ́n á ní èrè wa ń bẹ lọ́run. Ó dáa, kí onílé mi náà lọ gba owó ilé rẹ̀ níbẹ̀!

Kí wọ́n tiẹ̀ má sanwó ojúmọmọ fún wa mọ́, a fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ohun tí à ń ṣe lẹ́yìn tí agogo bá lù nìkan ni kí wọ́n san: ìwé kan, owó kan, ìpè òru kan, owó kan. Ọlidé tí à ń fi kọ nóòtù táàmù tó ń bọ̀, ìlọ́po méjì.