Èló Ni Kùsà Tó Ṣì Wà Nínú Ilẹ̀? Kí Wọ́n Fi Ìṣirò Hàn Wá

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í gbọ́ ọ ní Èkìtì pé tírílíọ̀nù náírà ló sùn sábẹ́ ilẹ̀ wa. Olóṣèlú ń sọ ọ́ lórí rédíò, aṣojú ilé-iṣẹ́ ń sọ ọ́ láàfin, àwọn ọ̀dọ́ ń pín in kiri lórí WhatsApp. Ẹni tí yóò sọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ la ò tíì rí. Ohun tí a ń béèrè fún kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìlú kankan ní ìpínlẹ̀ yìí má buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda fún ilé-iṣẹ́ awakùsà mọ́, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé àkọsílẹ̀ ìdíyelé kùsà náà kalẹ̀, kí onímọ̀ tí ìlú fúnra rẹ̀ yàn sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí owó rẹ̀ kò fara sin. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kéde rẹ̀ ní ọjà London. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan rí àpáta 100 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, tí bàbà inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbà ibẹ̀ jẹ́ 500,000 tọ́ọ̀nù. Tí tọ́ọ̀nù kan bá ń lọ ní 9,000 dọ́là, ẹni tó ń kánjú yóò pariwo pé bílíọ̀nù 4.5 dọ́là ti balẹ̀. Kò tíì balẹ̀ o. Gbogbo bàbà inú àpáta kọ́ ló ń jáde tí wọ́n bá lọ̀ ọ́. Wọ́n á kó òkúta tí kò wúlò kúrò lórí rẹ̀, wọ́n á kọ́ ilé ìlọ̀ta, wọ́n á fa iná àti omi débẹ̀, wọ́n á la ọ̀nà, wọ́n á sì kó ohun tí wọ́n rí lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Owó kíkọ́ nìkan lè wọ bílíọ̀nù dọ́là. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí tọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tó jáde. Tí èlé bá sì jẹ́ ìdá 10 lọ́dún, dọ́là kan tí yóò dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò tó sẹ́ńtì 40 lónìí. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ra bàbà tó ṣì wà nínú ilẹ̀ fi sábà máa ń san sẹ́ńtì díẹ̀ péré lórí ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, bẹ́ẹ̀ tí tọ́ọ̀nù kan bá jẹ́ 9,000 dọ́là, bíi dọ́là 4 ni pọ́n-ùn kan náà yóò jẹ́ lọ́jà.

Iye tọ́ọ̀nù gan-an ńkọ́? Oníṣòwò tó fẹ́ ra oko iṣu lórí ìdúró máa ń ní kí wọ́n wa ebè mélòó kan kí òun wò ó, kò sì ní wa ti ẹ̀bá ọ̀nà nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ lu àpáta: òkúta á jáde ní roboto bí ọ̀pá, wọ́n á tò ó sínú àpótí, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á gbé ìlàjì lọ fún àyẹ̀wò. Tí ihò bá jìnnà síra wọn, àbá lásán ni iye tí wọ́n bá pè. Ẹ̀tàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1997, àṣírí tú pé wọ́n ti bu wúrà sínú àpẹẹrẹ òkúta Bre-X, ilé-iṣẹ́ Kánádà kan tó ń wá wúrà ní Busang, Indonesia. Owó àwọn tó ra ìpín níbẹ̀ wọgbó. Lẹ́yìn náà ni Kánádà ṣòfin pé onímọ̀ tó kúnjú òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ sí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ìlú gan-an ni Reko Diq, ní ìpínlẹ̀ Balochistan, Pakistan. Bàbà àti wúrà wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tí Barrick ti Kánádà àti Antofagasta ti Chile jọ ni ná ohun tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là sórí ìwádìí rẹ̀. Ní 2011, ìjọba Balochistan kò fún un ní ìwé àṣẹ láti wa kùsà, ló bá gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ onílàjà tó wà lábẹ́ Báńkì Àgbáyé. Ní 2019, ìgbìmọ̀ náà ní kí Pakistan san nǹkan bíi bílíọ̀nù 5.8 dọ́là, èlé wà nínú rẹ̀. Wọn kò tíì wa bàbà kankan tà níbẹ̀ o! Èrè tí ilé-iṣẹ́ náà ì bá jẹ lọ́jọ́ iwájú ni wọ́n ṣírò. Ní 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún àdéhùn ṣe, tí wọ́n pín in sí méjì: ìdá 50 fún Barrick, ìdá 50 tó kù fún ìjọba Pakistan àti Balochistan.

Kùsà kan náà lè kéré láàfin, kó sì tóbi nílé ẹjọ́. Ẹni tí ìṣirò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń yan èyí tó wù ú.

Bàbà kọ́ ló sọ Ìjerò-Èkìtì di ìlú tí àwọn awakùsà ń wọ́ lọ. Táńtáláìtì àti kólọ́ḿbáìtì, òkúta tí wọ́n ń yọ irin olówó iyebíye nínú wọn, àti lítíọ́mù tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ni. Òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo rẹ̀, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìpínlẹ̀ lè ta á. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà, ní abala 116, sọ pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni agbára wa wà. Kí ni a wá ń fi í gbà? Kànga kan, ọkọ̀ kan fún ààfin, ìlérí iṣẹ́ fún àwọn ọmọ. Àwọn kábíyèsí wa kò jẹ̀bi tán, nítorí kò sẹ́ni tó fi ìwé kankan hàn wọ́n ju èyí tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n buwọ́ lù.

Àwọn olùkọ́ tó mọ̀ nípa àpáta wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, wọ́n wà ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́. Kí ìjọba Gómìnà Bíọ́dún Oyèbánjí ya owó sọ́tọ̀ kí ìlú lè gbà wọ́n ṣiṣẹ́. Mínísítà ohun àlùmọ́ọ́nì, Délé Àlàkẹ́, ọmọ Èkìtì ni. Ó lè sọ ọ́ di dandan pé kí àkọsílẹ̀ ìdíyelé máa tẹ̀ lé ìwé ìyọ̀ǹda dé ọ́fíìsì tó ń fúnni ní àṣẹ. Kí àdéhùn sì máa so owó ìlú mọ́ iye tọ́ọ̀nù tó bá jáde àti iye tí ọjà ń sọ, dípò owó ẹ̀ẹ̀kan tí gbogbo wa máa ná tán kí ọdún tó yí po.

Wọ́n á ní èyí yóò lé olùdókòwò sá. Olùdókòwò wo? Ẹni tó bá ní owó gidi lọ́wọ́ ti ṣe àkọsílẹ̀ yìí fún báńkì rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀dà rẹ̀ kan ni a ní kó fún wa. Ẹni tí kò bá ní in, kí ló fẹ́ fi katakata ṣe lórí ilẹ̀ wa?