Sòbìà Ni Mo Fi Ń Rántí Jimmy Carter

Nígbà tí Jimmy Carter kú lọ́jọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2024, lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tí mo rí kà jù lórí ayélujára ni pé ọdún mẹ́rin péré ló fi ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà, pé Reagan fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ nínú ìbò ọdún 1980, pé àwọn ará Ìráànì dá àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 444. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé olùkọ́ ni bàbá yìí, ó kàn yà sí ìdí òṣèlú díẹ̀ ni.

Ẹni tí kò bá tíì pé ogójì ọdún láàárín wa lè má gbọ́ nípa sòbìà, àrùn aràn tí Carter bá jà, rí àfi nínú òwe. Ẹ bi àwọn àgbà Ìbàràpá, pàápàá àwọn ará Ìdèrè, níbi tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn ti lọ ṣèwádìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi adágún lèèyàn máa mu, kòkòrò tín-ín-tín tó gbé ọmọ aràn mì á bá omi wọlé. Fún nǹkan bí ọdún kan, onítọ̀hún ò ní mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà lẹsẹ̀ á wú, á máa ta á bí iná, ojú egbò á là, aràn á yọrí. Ó lè gùn tó mítà kan. Wọ́n á wé e mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, torí bó bá já sínú, wàhálà míì dé nìyẹn. Bàbá ò ní lè rìn dóko, ọmọ ò ní lè rìn dé ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 1988 sí 1989, wọ́n ju 650,000 lọ.

Sòbìà ò ní òògùn, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí dòní. Ẹ̀kọ́ ló ń pa á jù. Kí èèyàn fi aṣọ sẹ́ omi kó tó mu ún, kí ẹni tí aràn ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ má ki ẹsẹ̀ bọ odò tí gbogbo ìlú ń pọn. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ ẹ lọ sọ fún ìyá arúgbó pé omi tí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ mu ló ń pa á lára, kẹ́ ẹ wá rí èsì tó máa fún yín. Iṣẹ́ tí Carter àti iléeṣẹ́ rẹ̀, Carter Center, tọrùn bọ̀ nìyẹn lọ́dún 1986, nígbà tí wọ́n fojú bù ú pé èèyàn mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ló ní in lágbàáyé. Lọ́dún 1995, ó bá àwọn tó ń jagun ní Sudan sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dáwọ́ ìjà dúró fún bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè ráyè wọ àwọn abúlé. Níbí, Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló bá a gbé e, tó ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn. Ọdún 2008 la rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Ìdí tí mo fi pè é ní olùkọ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní Ọjọ́ Ìsinmi. Kó tó dé ìdí òṣèlú, ó ti ṣe alága ìgbìmọ̀ ilé ìwé ní Sumter County, ní Georgia. Láti ọdún 1982 ló ti ń kọ́ni ní Yunifásítì Emory. Lọ́dún 2015 tó kéde pé jẹjẹrẹ ti dé inú ọpọlọ òun, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ló tún dúró níwájú kíláàsì nínú ṣọ́ọ̀ṣì Maranatha ní Plains, ìlú rẹ̀. Nígbà tó sì di ààrẹ lọ́dún 1977, ilé ìwé ìjọba ló mú Amy, àbíkẹ́yìn rẹ̀, lọ ní Washington, níbi tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ Amy yìí. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá wa tó ń gbọn ẹnu lórí ètò ẹ̀kọ́ ni ọmọ wọn mọ bí páákó ìkọ̀wé ilé ìwé ìjọba ṣe rí?

Nílé, kì í ṣe áńgẹ́lì. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé lọ́dún 1953, òun fiṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀ kí òun lè padà sídìí oko ẹ̀pà bàbá òun, òun ò sì bi ìyàwó òun. Inú bí Rosalynn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá ara wọn sọ̀rọ̀ dé Georgia. Síbẹ̀, ọdún 77 ni wọ́n lò pọ̀, láti 1946 títí ìyá náà fi kú lọ́dún 2023. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Tọkọtaya yìí jọ ń di òòlù mú ni, wọ́n ń bá Habitat for Humanity kọ́lé fún àwọn tí kò nílé. Lọ́dún 2019, Carter ṣubú nílé, wọ́n rán iwájú orí rẹ̀ ní ojú mẹ́rìnlá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ti wà ní Nashville, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́lé. Ẹni ọdún 95 ni! Mo rò pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀, torí Lillian Carter, nọ́ọ̀sì, pé ọdún 68 kó tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún Peace Corps, àjọ tí Amẹ́ríkà fi ń rán àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lọ sílẹ̀ òkèèrè, tó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Íńdíà.

Àwọn kan á ní owó ló fún un láyè. Owó nìkan kọ́ o. Àwọn tiwa tó ti fẹ̀yìn tì náà lówó, ibi tí wọ́n ti ń yan ẹni tó máa du ipò gómìnà lẹ máa bá wọn. Yàtọ̀ sí Gowon, ta ló mú àrùn kan tàbí ìyà kan báyìí, tó ní títí òun fi máa kú, òun ò ní fi sílẹ̀?

Lọ́dún 2015 yẹn, Carter sọ pé òun fẹ́ kí sòbìà tó kẹ́yìn kú kí òun tó kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kú, àwọn 15 ló ṣì ní in, ní Chad àti South Sudan nìkan. Ó sì ti wọ ara ajá ní Chad, ìyẹn ló jẹ́ kí èyí tó kù le. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ṣì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé níbẹ̀, wọ́n ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n so ajá wọn mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì ri ìfun ẹja mọ́lẹ̀ kí ajá má baà rí i jẹ.